Títo Òòfà Accelerator Sójú Ìlà Pẹ̀lú Ìmọ́lẹ̀: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Bí ìròyìn bá dé nípa àwọn ẹ̀rọ ńláńlá tí àwọn onímọ̀ físíìsì fi ń tú inú átọ́ọ̀mù wò, agbára wọn àti bí wọ́n ṣe tóbi tó ni a sábà máa ń gbọ́. Ìwọ̀nba èèyàn ló ń béèrè ẹni tó to gbogbo òòfà wọ̀nyẹn sójú ìlà kan, àti ohun tó fi mọ̀ pé wọ́n tò lóòótọ́. Ìdáhùn gùn, nítorí pé ìlà tó tọ́ gan-an ṣòro rí láyé yìí.

Kí ni accelerator?

Ẹ̀rọ tó ń mú èérún tí ojú kò lè rí, bí elẹ́kítírónù tàbí prótónù, sáré títí eré rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ìmọ́lẹ̀ dọ́gba ni. Agbára iná ló ń tì wọ́n síwájú, òòfà ló ń darí wọn, inú páìpù tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde ni wọ́n sì ń gbà. Àwọn ẹ̀rọ kan gùn tààrà, àwọn mìíràn rí róbótó. Èyí tó tóbi jù lọ ni LHC ti CERN (ilé ìwádìí físíìsì ti ilẹ̀ Yúróòpù), tó wà nínú ihò abẹ́ ilẹ̀ ní ààlà Switzerland àti Faransé. Àyíká rẹ̀ jẹ́ mítà 26,659. Òòfà tó ń tẹ ọ̀nà èérún nínú rẹ̀ jẹ́ 1,232. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó mítà 15, ó sì wúwo tó tọ́ọ̀nù 35.

Kì í ṣe ilé ìwádìí ńlá nìkan ló ní i o. Ẹ̀rọ tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn fi ń tọ́jú àrùn jẹjẹrẹ pẹ̀lú ìtànṣán, accelerator kékeré ni.

Bí òòfà kan bá yẹ̀ díẹ̀ ńkọ́? Kí ló bàjẹ́?

Irú òòfà méjì ni ká kọ́kọ́ mọ̀. Dipole ló ń tẹ ọ̀nà èérún kí ó lè yí po. Quadrupole, tó ní orí mẹ́rin, ló ń kó èérún jọ kí wọ́n má fọ́n ká. Wàhálà wà lọ́wọ́ quadrupole. Ní àárín gbùngbùn rẹ̀, kò sí agbára òòfà kankan. Bí èérún bá ṣe jìnnà sí àárín náà tó ni agbára náà ṣe ń pọ̀ tó. Nítorí náà, bí èérún bá gba àárín kọjá, kò sí ẹni tó máa tì í. Bó bá gba ẹ̀gbẹ́, wọ́n á tì í.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní agbára quadrupole kan ń fi tesla 20 (tesla ni òṣùwọ̀n agbára òòfà) pọ̀ sí i fún mítà kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì gbé e yẹ̀ ní mìlímítà 0.1 péré. Èérún tó yẹ kó gba inú òdo kọjá yóò bá agbára tó jẹ́ ìdá 2 nínú ẹgbẹ̀rún tesla pàdé. Ó kéré lóòótọ́. Ṣùgbọ́n quadrupole ọgọ́rọ̀ọ̀rún mìíràn ṣì wà níwájú, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìyẹ̀ tirẹ̀. Nínú ẹ̀rọ róbótó, èérún náà yóò tún padà wá sí ibi tí wọ́n ti tì í ṣáájú, wọn yóò sì tún tì í bákan náà. Ní LHC, ó ń yí ká ju ìgbà 11,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo.

Ìyẹ̀ mìíràn tún wà tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé: kí òòfà wà ní àárín gan-an, ṣùgbọ́n kó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí quadrupole bá tẹ̀ báyìí, ìrìn ọ̀tún-òsì èérún á wọnú ìrìn òkè-ìsàlẹ̀ rẹ̀, ìṣàn èérún tó yẹ kó tẹ́ pẹlẹbẹ á sì wú. Nínú ẹ̀rọ tí wọ́n ń tìtorí ìmọ́lẹ̀ X-ray rẹ̀ kọ́, adánù ńlá nìyẹn.

Báwo ló ṣe gbọ́dọ̀ péye tó?

Ó dá lórí ohun tí à ń wọn sí ohun wo. Bí gbogbo ẹ̀rọ pátá bá fi mìlímítà mélòó kan yẹ̀ kúrò níbi tí wọ́n yà á sí lórí àwòrán, èérún kò ní mọ̀. Ohun tó ń mọ̀ ni pé òòfà yìí kò bá èyí tó tẹ̀ lé e dọ́gba. Aládùúgbò sí aládùúgbò ni òfin náà, ìdí sì nìyẹn tí ìwọ̀n ìpéye fi máa ń wá pẹ̀lú gígùn kan: tó báyìí, láàárín mítà báyìí.

Ní LHC, ìdá kan sí méjì nínú mẹ́wàá mìlímítà ni wọ́n ń lé, láàárín nǹkan bí mítà 150. Nínú àwọn accelerator ìgbàlódé tí wọ́n ń tìtorí X-ray kọ́, àwọn òòfà tó jókòó sórí ìjókòó irin kan náà gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu láàárín nǹkan bí máíkírónù 30 (máíkírónù 1,000 ló ń jẹ́ mìlímítà kan), ìjókòó sí ìjókòó sì lè tó máíkírónù 100. Fún CLIC, ẹ̀rọ tààrà kan tí CERN ti ń ṣe ìwádìí lé lórí fún ìgbà pípẹ́, nǹkan bí máíkírónù 10 láàárín 200 mítà ni wọ́n béèrè. Ẹni tó bá ti wọn nǹkan rí mọ̀ pé ìbéèrè yìí kì í ṣe kékeré.

Ṣé GPS kò lè ṣe é ni?

Rárá. Àmì rẹ̀ kì í wọ abẹ́ ilẹ̀, ìpéye rẹ̀ náà kò sì tó. Ó wúlò lókè ilẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi ń so àwọn òpó ìpìlẹ̀ tó yí ẹ̀rọ ká pọ̀. Láti ibẹ̀ ni wọ́n á ti sọ ìwọ̀n kalẹ̀ gba inú kòtò, tàbí kí wọ́n lo awò tó ń wo ìsàlẹ̀ ní òòró. Nínú ihò, gyro-theodolite, tó ń mọ àríwá láti ara yíyí tí ayé ń yí, ló ń sọ ibi tí wọ́n kọjú sí. Láti ìgbà náà lọ, inú ihò ni gbogbo ìwọ̀n ti ń wá.

Àwọn ohun èlò ìmọ́lẹ̀ wo ni wọ́n ń lò?

Theodolite ń wọn igun, lẹ́fẹ́ẹ̀lì tó ní awò ń wọn gíga. Alignment telescope ń na ìlà ojú kan gbọnrangandan, awọnlẹ̀ á sì máa ka bí àmì kọ̀ọ̀kan ṣe yẹ̀ kúrò lára ìlà náà tó. Èyí ló gbajúmọ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ títí dòní. Ẹ̀rọ tó gba ipò iwájú báyìí ni laser tracker, tí mo máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìpẹ́.

Ohun tó wú mi lórí jù nínú gbogbo wọn kì í ṣe awò, bọ́ọ̀lù irin ni. Lórí òòfà kọ̀ọ̀kan, wọ́n máa ń de ife irin kékeré mọ́lẹ̀. Bọ́ọ̀lù irin tó rí róbótó láìlábàwọ́n ló ń jókòó sínú ife náà, àmì tí awò ń wò tàbí jígí tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà sì wà ní àárín gbùngbùn bọ́ọ̀lù yẹn. Bó o bá yí bọ́ọ̀lù náà síhìn-ín sọ́hùn-ún láti kọjú sí awò mìíràn, àárín rẹ̀ kò kúrò lójú kan. Ní CERN, irú èyí tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 88.9 ni wọ́n ti ń lò tipẹ́. Ti laser tracker sábà máa ń jẹ́ mìlímítà 38.1. Ohun tó rọrùn báyìí ló ń jẹ́ kí ohun èlò àtijọ́ àti tuntun lè wọn ibi kan náà gan-an.

Báwo ni laser tracker ṣe ń ṣiṣẹ́?

Ó ń ta ìtànṣán lésà sí bọ́ọ̀lù tó ní jígí mẹ́ta tó pàdé ní igun kan nínú, èyí tó máa ń dá ìmọ́lẹ̀ padà sí ọ̀nà tó gbà wá, láìka bí a ṣe dojú rẹ̀ kọ ọ́ sí. Bí o bá gbé bọ́ọ̀lù náà rìn, orí ẹ̀rọ náà á máa yí tẹ̀ lé e. Ó ń ka igun méjì àti jíjìn kan, kọ̀ǹpútà á sì sọ ibi tí bọ́ọ̀lù wà ní ọ̀nà mẹ́ta. Kam Lau ló ṣe é ní àwọn ọdún 1980 ní ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí òṣùwọ̀n, èyí tí a mọ̀ sí NIST lónìí.

Jíjìn ni ẹ̀rọ yìí mọ̀ wọ̀n jù. Ìgbì ìmọ́lẹ̀ lésà pupa helium-neon gùn tó nanómítà 632.8, bí a bá ń ka ìlàjì ìgbì bí bọ́ọ̀lù ṣe ń rìn, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò tó ìdá mẹ́ta máíkírónù kan. Igun ni aláìlera. Àṣìṣe igun tí kò tó nǹkan á fẹ̀ bí a bá ṣe ń jìnnà sí i, nítorí náà awọnlẹ̀ tó mọṣẹ́ kì í gbé tracker sójú kan ṣoṣo kó wá wọn gbogbo ilé. Á gbé e síbí, á wọn. Á gbé e sọ́hùn-ún, á tún àwọn àmì kan náà wọn. Nígbà tó bá kó gbogbo rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà, jíjìn láti ọ̀pọ̀ ibùdó á ran igun tó rẹ̀ lọ́wọ́.

Ṣé ìmọ́lẹ̀ kì í tọ́ ni?

Nínú òfìfo, ó tọ́. Nínú afẹ́fẹ́, ó ń tẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí sì ló ń gba oorun lójú àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ náà.

Ìmọ́lẹ̀ máa ń tẹ̀ sí apá ibi tí afẹ́fẹ́ bá ti tutù, nítorí afẹ́fẹ́ tútù ki ju gbígbóná lọ. Ẹni tó bá ti rí ojú títì ọlọ́dà tó ń dán bí ẹni pé omi wà níbẹ̀ lọ́sàn-án gangan ti rí i rí: ìmọ́lẹ̀ ojú sánmà ló tẹ̀ lórí afẹ́fẹ́ gbígbóná, tó wọ ojú wa láti ìsàlẹ̀. Nínú ihò abẹ́ ilẹ̀, kò sí ohun tó máa dán. Àmì á jókòó jẹ́ẹ́ nínú awò, á hàn kedere, ibi tó hàn náà kò sì ní jẹ́ ibi tó wà.

Bí ìwọ̀n ooru bá fi digírì 1 yàtọ̀ fún mítà kan láti ilẹ̀ sókè, ìtànṣán tó rin 100 mítà á ti fi nǹkan bí mìlímítà 5 yẹ̀ kó tó débẹ̀. Mìlímítà márùn-ún, níbi tí à ń wá ìdá kan nínú mẹ́wàá! Ní mítà 10, ìyẹ̀ náà kò ju nǹkan bí máíkírónù 50 lọ. Bí a bá sọ jíjìn di ìlọ́po méjì, àṣìṣe á di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fẹ́ ìwọ̀n kúkúrú púpọ̀ tó wọnú ara wọn ju ìwọ̀n gígùn kan lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kíkó ọ̀pọ̀ ìwọ̀n kúkúrú jọ ní àṣìṣe tirẹ̀.

Ibo ni ooru náà ti ń wá? Láti ara wáyà iná tó gba ara ògiri, láti ara ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́, láti ara iná tó wà lókè, láti ara àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn. Ìtànṣán tó bá rìn sún mọ́ ògiri gbígbóná á tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, èyí sì burú ju ti òkè-ìsàlẹ̀ lọ nítorí pé èèyàn kì í fura sí i.

Àwọn kan rò pé bí a bá wọn ọ̀pọ̀ ìgbà tí a sì pín in dọ́gba, òtítọ́ á jáde. Ìyẹn gbà fún ìmọ́lẹ̀ tó ń gbọ̀n, tó ń lọ sápá kan báyìí, tó ń lọ sápá kejì báyìí. Kò gbà fún afẹ́fẹ́ tó dúró bákan náà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹgbẹ̀rún ìwọ̀n tó gba inú afẹ́fẹ́ kan náà, irọ́ kan náà ni gbogbo wọn á pa. Ohun tó ń ranni lọ́wọ́ ni kí a jìnnà sí ògiri, kí a jẹ́ kí ooru ihò náà fara rọ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí a wọn láti ìhà méjèèjì, kí a sì máa ka ìwọ̀n ooru ní oríṣiríṣi gíga. Jíjìn náà kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀: digírì 1 tí a kà ṣì lórí ooru afẹ́fẹ́ máa ń mú nǹkan bí máíkírónù 1 wọnú mítà kọ̀ọ̀kan.

Ṣé kò sí bí a ṣe lè mú afẹ́fẹ́ kúrò pátápátá?

Ó wà. SLAC, ilé ìwádìí kan ní California, ti ṣe é láti àwọn ọdún 1960. Accelerator tààrà tiwọn, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1966, gùn tó kìlómítà 3. Páìpù tó gbé e ró nísàlẹ̀ fẹ̀ tó 60 sẹ̀ǹtímítà, ihò ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Irin tó gbé ẹ̀rọ náà ró, inú rẹ̀ kan náà ni ọ̀nà ìmọ́lẹ̀. Mo gbà pé kò sí ọgbọ́n tó yẹ kí a yìn nínú iṣẹ́ yìí tó èyí.

Lésà wà ní ìpẹ̀kun kan, ohun tó ń rí ìmọ́lẹ̀ wà ní ìpẹ̀kun kejì. Ní gbogbo nǹkan bí mítà 12, lẹ́ǹsì Fresnel kan so mọ́ irin náà, wọ́n sì lè gbé e wọ ojú ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ tàbí kí wọ́n gbé e kúrò. Ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé wọlé lẹ́ẹ̀kan. Agbára lẹ́ǹsì kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, nítorí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ kó ìmọ́lẹ̀ jọ sójú ibi kan náà láti ibi tí òun wà. Bí ojú ìmọ́lẹ̀ bá bọ́ sí ibi tó yẹ, irin tó gbé lẹ́ǹsì náà tọ́. Bí kò bá bọ́ síbẹ̀, iye tó fi yẹ̀ á sọ fún wọn bí wọ́n ṣe máa yí jáàkì. Lẹ́ǹsì tó wà láàárín ọ̀nà tún ń ṣe oore kan: bó bá yẹ̀ ní mìlímítà 1, ojú ìmọ́lẹ̀ á yẹ̀ ní mìlímítà 2.

Kí ló dé tí gbogbo èèyàn kò ṣe bẹ́ẹ̀? Ó gba àyè, ó gba owó, ìlà tó tọ́ nìkan ló sì lè wọn. Ẹ̀rọ tó rí róbótó kò lè jẹ àǹfààní rẹ̀.

Ayé rí róbótó. Ṣé ìyẹn ń dí iṣẹ́ lọ́wọ́?

Ó ń dí i, ó sì máa ń ya àwọn tó ń bọ̀ láti ìdí ilé kíkọ́ lẹ́nu. Bí a bá na ìlà tó tọ́ gùn tó kìlómítà 3, tí àárín rẹ̀ kan ojú ibi tí omi tó dákẹ́ máa dé, ìpẹ̀kun méjèèjì á fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 18 ga ju ojú omi yẹn lọ. Ẹni tó bá fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì to ẹ̀rọ tààrà láìṣírò, ẹ̀rọ tó tẹ̀ tẹ̀lé ara ayé ló máa kọ́.

Nínú ẹ̀rọ róbótó ńlá, òòró fúnra rẹ̀ kò rí bákan náà níbi gbogbo. Ní LHC, bí a bá so okùn ìwọ̀n kọ́ ní ìhà kan àti ní ìhà tó dojú kọ ọ́, okùn méjèèjì á fi ìdá kan-lé-díẹ̀ nínú ẹgbẹ̀rún radian (òṣùwọ̀n igun) yàtọ̀ síra. Àwọn òkè tó wà nítòsí náà ń fa okùn sọ́dọ̀ ara wọn díẹ̀, ìyẹn gbọ́dọ̀ wọ inú ìṣirò pẹ̀lú. Ìhà ìsàlẹ̀ ihò náà kò tẹ́jú bákan náà: ìdá 1.4 nínú ọgọ́rùn-ún ló fi dà sí apá adágún Geneva.

Àárín òòfà kò ṣeé fojú rí. Báwo ni wọ́n ṣe mọ ibi tó wà?

Níbí gan-an ni ọ̀pọ̀ ìpéye ti ń sọ nù, kó tó di pé ẹnikẹ́ni gbé tracker wọ ihò. Nínú yàrá ìwọ̀n, wọ́n á na wáyà tín-ín-rín gba inú òòfà náà kọjá, tàbí kí wọ́n máa yí kọ́ìlì kan nínú rẹ̀, títí wọ́n á fi rí ibi tí agbára òòfà ti jẹ́ òdo. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wọn láti ibẹ̀ dé orí àwọn ife irin tó wà lóde ara òòfà. Láti ọjọ́ náà, ife yẹn ló ń ṣojú fún àárín tí kò ṣeé rí. Bí wọ́n bá gbá ife kan nígbà tí wọ́n ń gbé òòfà náà lọ, irọ́ ti wọ inú ìwé ìwọ̀n rẹ̀ nìyẹn.

Ti LHC tún le. Inú àgbá ni òòfà wà, wọ́n sì ń mú un tutù dé 1.9 kelvin, ìyẹn digírì 271 sí ìsàlẹ̀ òdo. Irin tó gùn tó mítà 15 á fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 4 súnkì. Ara àgbá lóde, níbi tí àwọn ife wà, gbóná bí yàrá lásán. Nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ mọ̀ ṣáájú bí àárín òòfà ṣe máa rìn nígbà tó bá tutù, kí wọ́n sì fi àyè yẹn sílẹ̀ nígbà tí ohun gbogbo ṣì gbóná.

Ǹjẹ́ ohun mìíràn wà yàtọ̀ sí ìmọ́lẹ̀?

Wáyà àti omi. Wáyà tí wọ́n na le tọ́ láti ọ̀tún sí òsì, ṣùgbọ́n ó máa ń rọ̀ láàárín, atẹ́gùn sì ń mì í. Omi tó wà nínú àwọn ife tí páìpù so pọ̀ máa ń dúró ní gíga kan náà. Sẹ́ńsọ̀ tó wà lókè omi ń ka ìyàtọ̀ tó kéré tó máíkírónù. Ilé ìwádìí ESRF ní Grenoble, Faransé, wà lára àwọn tó sọ ọ̀nà omi yìí di ohun tí ayé ń lò. Àléébù omi ni pé ara ayé ló ń tẹ̀ lé, bó bá sì gbóná níbì kan ju ibòmíràn lọ, ó ń wú.

Mi ò rí ọ̀kan tó borí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àǹfààní wọn ni pé àṣìṣe wọn kò jọra: ohun tó ń tan ìmọ́lẹ̀ jẹ kọ́ ló ń tan omi jẹ. Níbi tí ìwọ̀n méjì bá ti takora, ibẹ̀ ni kí a lọ wá nǹkan.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tò ó tán, ṣé ó parí?

Kò lè parí. Kọnkéré tuntun ń jókòó, omi abẹ́ ilẹ̀ ń lọ sókè sódò, irin ń wú bí ooru bá yí padà: irin tó gùn tó mítà 5 á fi nǹkan bí máíkírónù 120 gùn sí i bí ooru bá fi digírì 2 lé.

Òṣùpá pàápàá ń dá sí i. Kí wọ́n tó kọ́ LHC, ẹ̀rọ LEP ló wà nínú ihò kan náà, láti 1989 sí 2000. Àwọn tó ń lò ó rí i pé agbára ìṣàn èérún ń yí padà lójoojúmọ́. Ní 1992, wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òṣùpá àti oòrùn, tó ń mú omi òkun kún tó ń mú un fà, ń fa ilẹ̀ náà pẹ̀lú, àyíká kìlómítà 27 náà sì ń fi nǹkan bí mìlímítà 1 fẹ̀ tó tún ń sún. Gígùn ọ̀nà tí èérún ń rìn kò yí padà, nítorí agbára iná tó ń tì í ló so ó mọ́lẹ̀. Òòfà ló kúrò ní àyíká rẹ̀. Èérún wá ń gba ẹ̀gbẹ́ quadrupole dípò àárín, agbára rẹ̀ sì ń yí padà. Bí omi adágún Geneva ṣe ń pọ̀ tó ń dín náà hàn nínú ìwọ̀n wọn.

Ìmìtìtì ilẹ̀ ọjọ́ 11 oṣù kẹta, 2011, ní Japan kò fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n ní tirẹ̀. Ní J-PARC, ilé ìwádìí accelerator kan ní Tokai, ó gbé òòfà kúrò lójú ìlà. Wọ́n ní láti wọn ọ̀pọ̀ nǹkan lákọ̀tun kí ìṣàn èérún tó padà ní oṣù kejìlá ọdún náà.

Níbi tí ìtànṣán olóró wà ńkọ́? Ta ló ń lọ yí bóòtù níbẹ̀?

Bó bá ṣeé ṣe, kò sí ẹni tó ń lọ. Ní LHC, àwọn òòfà tó ń kó èérún jọ lẹ́bàá àwọn ibi tí èérún ti ń kọlu ara wọn jókòó sórí jáàkì tó ní mọ́tò. Wáyà àti omi ló ń ṣọ́ wọn, láti òkèèrè ni wọ́n sì ti ń sún wọn.

Ta ló ń dájọ́ ìkẹyìn pé ó tọ́?

Èérún fúnra rẹ̀. Wọ́n á mú quadrupole kan, wọ́n á yí agbára rẹ̀ sókè sódò díẹ̀, wọ́n á sì wo sẹ́ńsọ̀ tó wà níwájú. Bí ìṣàn bá gba àárín quadrupole yẹn, kò sí ohun tó máa yí padà níwájú. Bó bá gba ẹ̀gbẹ́, á yà, bó ṣe yà tó á sì sọ bó ṣe jìnnà sí àárín tó. Báyìí ni wọ́n ṣe ń mọ ìyẹ̀ tó kéré tó máíkírónù mẹ́wàá-mẹ́wàá mélòó kan, láìsí awò, láìsí afẹ́fẹ́ tó ń tan ni jẹ. Àwọn òòfà kékeré tó ń ṣàtúnṣe á wá ti ìṣàn náà padà.

Ẹnì kan lè wá sọ pé kí ni a wá ń fi lésà ṣe nígbà náà. Òòfà àtúnṣe ní ìwọ̀n agbára tirẹ̀. Bí ìtò àkọ́kọ́ bá burú, ìṣàn kò ní lè yí ká lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sì ní sí adájọ́ tí a máa pè. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án, 2008, tí wọ́n kọ́kọ́ rán èérún yí LHC ká, abala kan sí èkejì ni wọ́n ń mú un lọ: wọ́n á dá a dúró, wọ́n á tún ọ̀nà rẹ̀ ṣe, wọ́n á ṣí abala tó kàn. Kò ju nǹkan bí wákàtí kan lọ tó fi yí po. Iṣẹ́ àwọn awọnlẹ̀ tó ti wọ ihò náà fún ọdún mélòó kan ló jẹ́ kó yá bẹ́ẹ̀.

Ṣé a lè yẹra fún gbogbo wàhálà yìí?

Díẹ̀. Ní MAX IV, ilé ìwádìí accelerator kan ní Lund, Sweden, tí wọ́n ṣí ní 2016, wọ́n gbẹ́ òòfà púpọ̀ jáde láti inú odindi irin kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ tó gé irin náà ló to àwọn òòfà yẹn síra wọn. Odindi irin kan sí èkejì ló kù fún awọnlẹ̀ láti tò.

Ṣé lésà yìí léwu fún ojú?

Ti tracker kò lágbára púpọ̀, ojú sì máa ń ṣẹ́ kíá. Síbẹ̀, má tẹjú mọ́ ọn, má sì fi awò wo ojú rẹ̀ láé: awò náà á kó gbogbo ìmọ́lẹ̀ jọ sínú ẹyinjú rẹ.

Kí ni ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí yóò kọ́?

Ìmọ̀ ìwọnlẹ̀ àti geodesy (ìmọ̀ wíwọn bí ayé ṣe rí) ni ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù; àwọn mìíràn ń wá láti ìdí ẹnjiníà ẹ̀rọ tàbí físíìsì. Ìṣirò least squares kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀, nítorí òun ló ń so ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwọ̀n pọ̀ tó sì ń tú èyí tó ń purọ́ fó. Láti 1989 ni àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ náà ti ń pàdé níbi àpérò IWAA, tí àkọ́kọ́ rẹ̀ wáyé ní SLAC. Àwọn ìwé tí wọ́n kà níbẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ nípa ìmọ́lẹ̀ tó ń tẹ̀ nínú afẹ́fẹ́.